Ta Ló Ń Náwó fún Olórin? Ọ̀nà Tí Orin Nàìjíríà Gbà Kúrò Lójú Agbo Dé Orí Fóònù, Láti Ojú Àwa Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Níbi ìnáwó ní Àkúrẹ́ lóde òní, ì báà jẹ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá ní Alágbàka tàbí lábẹ́ àtíbàbà lójú títì ní Òkè-Àró, àṣà tuntun kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Olórin á jẹ́ kí ìlù rọlẹ̀ díẹ̀, á ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sórí máìkì, á dárúkọ báńkì, á sì tún un kà kí ó lè yé àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Àwọn kan ti sọ nọ́ńbà náà di orin, tí àwọn elégbè ń gbè é, tí gángan ń wí i tẹ̀lé wọn. Àlejò á tẹ fóònù, owó á wọlé, olórin á wo orúkọ tó yọ lójú fóònù tirẹ̀, oríkì á sì bẹ̀rẹ̀.

Òfin ló fa èyí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ ní abala 21 pé ẹni tó bá ń ná owó náírà sára ènìyàn níbi ayẹyẹ, tó ń jó lórí rẹ̀ tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ti dẹ́ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ìwé lásán ni òfin náà wà. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí ẹ̀sùn níná owó náírà sára ènìyàn tí àjọ EFCC fi kàn án, tí ojora sì mú àwọn olówó òde ìnáwó jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá.

Ìròyìn mìíràn tún wà nípa ọdún 2024 yìí kan náà. Iléeṣẹ́ Spotify, tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé owó tó wọlé fún àwọn olórin Nàìjíríà láti ọ̀dọ̀ àwọn lọ́dún náà lé ní ₦58 bílíọ̀nù, nígbà tí ti ọdún 2023 jẹ́ nǹkan bíi ₦25 bílíọ̀nù. Owó ń gbẹ lójú agbo, ó ń pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbà á yàtọ̀ síra. Olórí bándì tó ń kó ènìyàn mẹ́wàá, méjìlá kiri láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, sí Ọ̀wọ̀, sí Ìkàrẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí kọ́bọ̀ nínú ₦58 bílíọ̀nù yẹn.

Báwo la ṣe dé ibí? Ìtàn orin ìgbàlódé Nàìjíríà gùn, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń tò ó ní orúkọ orúkọ: jùjú, àpàlà, hàílàìfù, áfróbíìtì, fújì, títí dé áfróbíìtì olóhùn tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ. Orúkọ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ ká rí ohun tó ń ti orin láti ibì kan sí òmíràn. Ìbéèrè kan ló yẹ ká máa bi ìgbà kọ̀ọ̀kan: ta ló ń náwó fún olórin? Ìdáhùn rẹ̀ ló máa ń sọ bí orin yóò ṣe gùn tó, orúkọ ta ni yóò wà nínú rẹ̀, àti irú Yorùbá tí wọn yóò fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ èdè yìí kàn wá gan-an ní ìpínlẹ̀ tí Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Àkókó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ti ń sọ ẹ̀ka èdè tí ará Ìbàdàn kì í tètè gbọ́.

Láti pálọ̀ dé gbangba

Ohùn Yorùbá ti wọ inú àwo tipẹ́. Lọ́dún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta, bàbá àgbà Fẹlá, kọ orin ìsìn tó lé ní 40 sínú àwo iléeṣẹ́ Zonophone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìjọ ló gbé e dé ọ̀hún. Nígbà tó fi máa di 1936 tí Túndé King bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde ní Èkó, àwọn tó ń náwó ti yí padà: àwọn Sàró (ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wá sílé), àwọn akọ̀wé àti àwọn oníṣòwò tó ń pe àlejò sí pálọ̀ ni. Gìtá-bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ kékeré tó ń dún ṣaworo ni Túndé King fi ń kọrin fún wọn. Orin pẹ̀lẹ́ ni, nítorí pálọ̀ kò fẹ́ ariwo. Ojú kan àwo ìgbà náà kò sì gbà ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni iléeṣẹ́ àwo máa ń fún olórin, ó parí síbẹ̀. Ẹni tó pè é sí pálọ̀ ló ń bọ́ ọ.

Lẹ́yìn ogun Hítílà ni iná mànàmáná wọ ọ̀rọ̀ náà. Àyìndé Bákàrè fi ẹ̀rọ sí gìtá rẹ̀ ní 1949, ní àkókò tí gángan náà ń wọlé sínú jùjú. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀rọ òyìnbó ló máa ń lé ìlù ìbílẹ̀ jáde. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ níbí. Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ, ìlù kan tó bá dún jù yóò bo ohùn olórin àti gìtá mọ́lẹ̀, ìlù kò sì lè pọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ti gbé ohùn sókè, olórin lè kó gángan méjì, mẹ́ta, ákúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tì í lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ yóò sì ṣì máa jáde. Bẹ́ẹ̀ ni jùjú ṣe kúrò nínú pálọ̀ bọ́ sí gbangba. Nígbà tí gángan sì ti wọlé, oríkì bá a wọlé, nítorí kí ni gángan ń ṣe níbi ìnáwó bí kò bá ki ènìyàn?

Hàílàìfù ń bọ̀ láti ọ̀nà Gánà ní àkókò kan náà. Bándì E. T. Mensah, Tempos, ń wá kọrin ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Bobby Benson, Victor Ọláìyá àti Roy Chicago sì sọ ọ́ di tiwa. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì hòtẹ́ẹ̀lì ló ń náwó orin yìí. Kò sí ìdí láti ki ẹnì kankan, ijó làwọn ènìyàn sanwó fún. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ olórin hàílàìfù tó jẹ́ ọmọ ìlà oòrùn ti padà sílé, Èkó sì ṣófo fún jùjú. Àpàlà Haruna Ishola ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti sákárà Yusuf Olatunji ní Abẹ́òkúta ń lọ ní tiwọn láìsí gìtá rárá, wọ́n sì ní àwọn ènìyàn wọn tí kò yẹsẹ̀.

I. K. Dáírò ni mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ olórin máa gbọ́ jù nínú àwọn àgbà yìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ni. Ó dá bándì Morning Star Orchestra sílẹ̀ ní 1957, ó sọ ọ́ di Blue Spots lẹ́yìn náà, ó gbé akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó sì gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1963. Orin rẹ̀ kúrú, ó ṣe é gbé sórí àwo kékeré, ó sì ṣe é gbọ́ lórí rédíò. Àmọ́ ohun tó mú mi máa padà sí i ni pé kò fi Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan kọrin. Ó kọ ọ́ ní Ìjẹ̀ṣà, ó kọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè Yorùbá mìíràn, ó tilẹ̀ kọ ọ́ ní èdè tí kì í ṣe Yorùbá. Iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, rédíò ti ń wọ ilé àgbẹ̀ àti ilé tíṣà, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹni tó ra àwo nítorí pé ó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ oníbàárà gidi, Dáírò sì mọ̀ ọ́n.

Owó kòkó, owó epo, àti àwo ńlá

Ibi tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti wọ ìtàn yìí tààrà nìyí. A bí Sunny Adé ní Òṣogbo ní 1946. Ọmọ ilé ọba Oǹdó ni bàbá rẹ̀, ó máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìdílé Adésídà ní Àkúrẹ́, ìdílé Déjì tó wà lórí ìtẹ́ láti 1897 títí di 1957. Ọmọ tó ní dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lápá kan tó sì ní ìlù ààfin lápá kejì ni. Nígbà tó dé Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, bándì Moses Ọláìyá ló kọ́kọ́ wọ̀, Moses Ọláìyá tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Lẹ́yìn náà ló dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ rántí irú ilé tí orin rẹ̀ ń wọ̀. Owó kòkó ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Oǹdó, Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Bí wọ́n bá ti ta kòkó tán láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, ìgbéyàwó, ìwúyè, ìṣílé àti ìsìnkú àgbà á máa tẹ̀léra. Àwọn ènìyàn wa kò sì dúró de gìtá kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń pe olórin sóde. Ní Oǹdó, orin ọbítun, tí wọ́n ń kọ nígbà tí ọmọbìnrin bá ń bọ́ sípò àgbà, ní ìlù tirẹ̀, ijó tirẹ̀, àti aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń ná òbí lówó. Àṣà kí ìdílé máa náwó fún orin kí orúkọ wọn lè dún ti wà nílẹ̀ kí jùjú tó dé.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni owó epo wá kún owó kòkó. Oríṣi àwo yí padà pẹ̀lú: àwo ńlá gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú 18 sí 20 lójú kan. Sunny Adé àti Ebenezer Obey kò jẹ́ kí àyè náà ṣòfò. Wọ́n ń so orin kan mọ́ òmíràn láìdúró, bí wọ́n ṣe ń ṣe lójú agbo, wọ́n sì ń fi ìdajì rẹ̀ ki àwọn oníṣòwò, kọńtirátọ̀ àti ẹgbẹ́ sósàyẹ́tì. Àwọn mìíràn ń sanwó pé kí orúkọ àwọn wọ inú àwo. Àwọn kan máa ń bú jùjú nítorí èyí pé orin olówó ni. Mi ò bá wọn fà á, ṣùgbọ́n owó yẹn ló ń san owó oṣù ogún ènìyàn nínú bándì kan, tó ń ra gìtá, tó ń ra bọ́ọ̀sì, tó sì fún onílùú láyè láti jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún tí gìtá mẹ́rin ń bára wọn sọ̀rọ̀ kò lè wáyé bí kò bá sí ẹni tó ń sanwó fún àkókò. Lọ́dún 1974, lẹ́yìn àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí owó, Sunny Adé kúrò lábẹ́ iléeṣẹ́ African Songs, ó dá Sunny Alade Records sílẹ̀, bándì rẹ̀ sì di African Beats. Ó fẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ níní yìí, a ó padà sí i.

Orlando Owoh ní tirẹ̀ gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Wọ́n bí òun náà ní Òṣogbo, ní 1932, àmọ́ Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n ni orírun rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́. Ó lu ìlù, ó sì kọrin nínú ẹgbẹ́ eré Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1958, kó tó dá bándì Omimah sílẹ̀ ní 1960. Àwọn Young Kenneries tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni African Kenneries. Orin rẹ̀ wà láàárín hàílàìfù àti jùjú, ohùn rẹ̀ há, kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú un dán. Ó máa ń bu èdè Ọ̀wọ̀ mọ́ orin rẹ̀. Ilé ọtí, ibùdókọ̀ àti ilé iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni orin rẹ̀ gbé gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì ń náwó fún un jẹ́ ènìyàn tí kò ní owó tí yóò fi pe Sunny Adé sílé. Nítorí náà ni orin rẹ̀ ṣe kún fún ìtàn, ìkìlọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìyà ju oríkì olówó lọ. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, síbẹ̀ kò sí ìrọ̀lẹ́ kan ní Àkúrẹ́ tí ẹ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́ àti ẹmu.

Ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ wa, Comfort Omoge mú àsíkò, orin ìbílẹ̀ Ìkálẹ̀, wọ inú àwo. Kò sí gìtá. Ìlù, agogo, ohùn obìnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀, àti àwọn elégbè tó ń dá a lóhùn. Èdè Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ló fi kọ ọ́, iléeṣẹ́ àwo sì gbé e jáde. Ẹ ronú sí i: nígbà kan, ará Òkìtìpupa àti àyíká rẹ̀ nìkan tó láti jẹ́ ọjà fún àwo orin. Mo gbà pé nínú gbogbo ohun tí a ti pàdánù láti ìgbà náà, ìyẹn ló tóbi jù.

Kí n tó kúrò níbí, ọ̀rọ̀ Island Records. Bob Marley kú ní 1981. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ tó gbé e jáde gba Sunny Adé wọlé, wọ́n sì gbé àwo kan jáde fún ọjà òyìnbó. Orin tó máa ń gba odindi ojú àwo nílé wá di ìṣẹ́jú díẹ̀, oríkì àwọn olówó Èkó kò sí nínú rẹ̀ mọ́, nítorí ta ló mọ̀ wọ́n ní New York? Àwo tó tẹ̀ lé e ní 1983 dé ipò àwọn tí wọ́n dárúkọ fún àmì ẹ̀yẹ Grammy. Lẹ́yìn àwo kẹta ni iléeṣẹ́ náà jáwọ́, Sunny Adé sì padà sí ojú agbo tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìyípadà tí a ń rí lórí fóònù lónìí ti fojú hàn nígbà yẹn: bí ẹni tó ń náwó bá kúrò ní Oǹdó dé New York, orin yóò kúrú, orúkọ ènìyàn yóò sì jáde kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986, já náírà wálẹ̀. Ike tí wọ́n fi ń ṣe àwo, okùn gìtá, ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ló ń ti òkè òkun wá. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ṣíṣe àwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin pátápátá ní Nàìjíríà. Kásẹ́ẹ̀tì gba ipò rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹ̀rọ méjì lè ṣe àdàkọ rẹ̀ ní yàrá.

Ìgbà yìí ni fújì gba òde. Orin wéré tí wọ́n ń fi jí àwọn Mùsùlùmí nígbà sààrì ni Sikiru Ayinde Barrister mú dàgbà di fújì, Kollington Ayinla bá a dù ú, Wasiu Ayinde sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sábà máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olórin fújì ló jẹ́ kó borí. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ná olórin fújì lówó: ìlù, ohùn àti agbára ènìyàn. Nígbà tí owó ìlú òyìnbó wọ́n, orin tí kò gbára lé gìtá mẹ́rin ló máa dúró. Nínú jùjú, Sir Shina Peters nìkan ló tún fi iná sí i ní 1989 nígbà tó mú eré náà yára bíi ti fújì.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọ ló gba ipò olówó. Ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti Èkìtì, tí gbogbo wa ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ìdúpẹ́ nílé ìjọsìn ló gbé bándì ró nígbà tí àpò kọńtirátọ̀ gbẹ. Obey fúnra rẹ̀ di ajíhìnrere. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpòtì-Èkìtì, ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1997, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló sì ti wá di gbajúmọ̀ tó mú túńgbá wọ òde ìgbéyàwó káàkiri. Tí ẹ bá tẹ́tí sí túńgbá dáadáa, jùjú ni egungun rẹ̀. Ẹni tó ń náwó yí padà, oríkì Ọlọ́run sì gba àyè tí oríkì oníṣòwò wà tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ oníṣòwò ṣì máa ń padà wọlé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Mo mọ̀ pé mi ò tíì sọ ti Fẹlá. Áfróbíìtì rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, ta ko gbogbo ohun tí mo ń wí: kò ki olówó, ó bú wọn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ó ní ilé eré tirẹ̀, Afrika Shrine, àwọn tó ń san owó ẹnu ọ̀nà ló sì ń bọ́ ọ. Kò sí olówó kan tó lè ní kó dákẹ́. Àwọn ológun tó jó ilé rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1977 mọ ìyẹn dáadáa.

Ìṣẹ́jú àáyá 30

Òfin kan ní 1992 fàyè gba àwọn aládàáni láti dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Rédíò Ray Power bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1994. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní bándì, tí kò sì ní owó láti ra ìlù, rí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá. Àwọn oníṣòwò ọjà Alábà ní Èkó wá di ẹni tó ń náwó: wọn yóò ra iṣẹ́ olórin lówó gọbọi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sórí síídì, èrè tó kù di tiwọn. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìgbà Túndé King. Lẹ́yìn tí fóònù GSM dé ní 2001, orin tí ń dún létí ẹni tó ń pe ni lórí fóònù tún mú owó wọlé fún ìgbà díẹ̀.

Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, Boomplay àti Audiomack ti wà níbí ṣáájú rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Burna Boy gba Grammy. Ní 2023 orin kan tí Rema kọ kọjá bílíọ̀nù kan lórí Spotify. Tems gba Grammy tirẹ̀ fún orin Áfíríkà ní 2025. Ó ń dùn mọ́ mi nínú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìbànújẹ́ ni mo fi ń kọ èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA kan tó ní kọ̀ǹpútà àti máìkì ní yàrá rẹ̀ kò ní láti dọ̀bálẹ̀ fún olówó kankan kí ayé tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Irú òmìnira bẹ́ẹ̀ kò sí fún àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ìgbà Dáírò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe ń wá. Spotify kì í ka orin kan sí gbígbọ́ àfi tí olùgbọ́ bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 30. Nítorí náà, orin gbọ́dọ̀ di ènìyàn mú kíá. Bí ó ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè tún un gbọ́ tó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orin tuntun kò fi dé ìṣẹ́jú mẹ́ta. A ti padà sí ìwọ̀n àwo 1936. Ekejì, ẹni tó ń gbọ́ orin láti Lọ́ńdọ̀nù ń san owó oṣù ní pọ́n-ùn. Ẹni tó ń gbọ́ ọ láti Arákálẹ̀ ń san náírà, tàbí kó máa gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìpolówó ọjà. Gbígbọ́ ẹyọ kan láti Lọ́ńdọ̀nù wúwo ju ti Àkúrẹ́ lọ fíìfíì. Olórin tó bá fi èdè Ìkálẹ̀ kọrin lónìí, tí gbogbo Òkìtìpupa sì ń gbọ́ ọ láràárọ̀, lè má rí owó dátà tí yóò fi gbé orin kejì sókè. Iye ènìyàn tó tó láti gbé àwo Comfort Omoge jáde nígbà kan kò tó mọ́ lábẹ́ ìṣirò yìí.

Òde ìnáwó tó yẹ kó dí àlàfo náà ń kúrú. Bándì tó pé pérépéré wọ́n, nítorí náà dí-jéè kan àti olórin kan tó ń dá kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń pè. Òfin owó níná tún wá dé. Òótọ́ ni pé àkáǹtì ń gba owó wọlé, àmọ́ ẹni tó ti dìde jó, tí ọ̀rẹ́ àti àna ń wò ó, máa ń ná ju ohun tó ní lọ́kàn lọ. Ẹni tó jókòó tó ń tẹ fóònù mọ iye tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Onílùú tó ń kó owó nílẹ̀ sínú àpò bándì tẹ́lẹ̀ kò mọ iye tó wọ àkáǹtì olórí bándì mọ́, ó sì ti ń fa aáwọ̀.

Nínú orin tuntun kan náà, fújì ń padà wọlé. Ẹ gbọ́ bí Asake ṣe ń to ègbè rẹ̀ bíi ti àwọn aláṣàlátù àti àwọn onífújì. Adekunle Gold sọ àwo rẹ̀ ti ọdún 2025 ní Fuji. Ayé ń fẹ́ ohun àtijọ́ yìí, ìyẹn ló sì mú ọ̀rọ̀ níní tí mo ní a ó padà sí di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú.

Orin àwọn bàbá wa, ta ló ni ín?

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, mú íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó sì ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé olórin ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹni kan ronú kàn. Ẹ̀tọ́ lórí èyí wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú. Èkejì ni ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, tó máa ń jẹ́ ti iléeṣẹ́ àwo. Ẹ̀tọ́ lórí ìyẹn kò ju ọdún 50 lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. I. K. Dáírò kú ní oṣù kejì ọdún 1996. Àwo tó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ti kọjá ọdún 50, àmọ́ orin inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ títí di ìparí ọdún 2066. Ti Orlando Owoh yóò dé ìparí ọdún 2078, fún gbogbo orin tó kọ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ olórin kan bá mú ègbè kan nínú rẹ̀ lónìí tó fi kọ orin tuntun, àánú kọ́ ni gbígba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àrólé jẹ́, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ní ti orin tí a kò mọ ẹni tó dá a, bí ọbítun Oǹdó àti bírípo Ìkálẹ̀, òfin náà ní abala tirẹ̀ fún ohun àdáyébá. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ṣòwò kúrò nínú ìlò àbáláyé wọn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ.

Àṣẹ yìí kò wúlò bí kò bá sí àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àdéhùn àwọn ọdún 1970 jẹ́ ti ẹnu tàbí ti ìwé kan ṣoṣo tó ti sọnù. Téèpù àtijọ́ ń bà jẹ́ nínú ooru, ohun tó sì wà lórí rẹ̀ lè má sí níbòmíràn. Àwọn ilé rédíò ìpínlẹ̀ wa, pàápàá àwọn tó ti ń gba orin àwọn olórin ìbílẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì ṣe é nísinsìnyí tí àwọn tó mọ ohùn onílùú kọ̀ọ̀kan ṣì wà láàyè láti dárúkọ wọn. Owó tó máa gbà kò tó ti ayẹyẹ ọjọ́ kan tí ìjọba máa ń ṣe.

Ní ti ìdílé, ẹni tí àwo bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wà nínú àpótí ní Ọ̀wọ̀, Oǹdó tàbí Òkìtìpupa lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Kó kọ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọdún tó jáde, nọ́ńbà tó wà lára àwo, orúkọ iléeṣẹ́, ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn tó lu ìlù. Kí ìdílé gba ìwé ilé ẹjọ́ tó fi àrólé hàn, kí wọ́n sì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN, àjọ tí NCC fún láṣẹ láti máa gba owó orin fún àwọn olórin. Ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà kan fún MCSN, ọ̀kan fún agbẹjọ́rò, ọ̀kan nílé.